Kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ́ọ̀dù ló kó àrùn ìtọ̀ ran ọmọ yín

Bí dókítà bá ti sọ fún ìyá kan ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé pé kòkòrò wà nínú ìtọ̀ ọmọ rẹ̀, ohun tí ìyá náà sábà máa ń sọ ni pé: "Mo ti mọ̀! Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibí yìí ni." Orúkọ tí a fún àìsàn náà ló fa èrò yẹn. "Toilet infection" là ń pè é nílé, lọ́jà àti ní kẹ́mísì, orúkọ náà sì ti ṣì wá lọ́nà. Ọmọ oṣù mẹ́rin tí inú páńpásì ló ń tọ̀ sí, òun náà ń ní in, bẹ́ẹ̀ sì ni kò jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kankan rí.

Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń wá lọ́pọ̀ ìgbà. E. coli ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Inú ìfun wa ló ń gbé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe wá ní nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tó bá ti ojú ìdí dé ojú ihò ìtọ̀, tó gba ibẹ̀ gòkè sínú àpò ìtọ̀, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bó bá dé kíndìnrín, ó lè dá àpá sí i. Ọ̀nà yìí kúrú lára ọmọbìnrin, òun ló fi ń ṣe wọ́n ju ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí, ọmọkùnrin ló ń ṣe jù, pàápàá èyí tí wọn ò tíì dá abẹ́ fún. Àwọn tó ń pè é ní àrùn obìnrin ò rí i sọ.

Ilé ìwòsàn ní ewu tiẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí a ń wò kọ́ ló wà. Rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n ń tì bọ ojú ìtọ̀ ọmọ tí àìsàn rẹ̀ le, tó ń da ìtọ̀ sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ni kí ẹ fojú sí. Kòkòrò ń gba ara rọ́bà yẹn gòkè, bó bá sì ṣe ń pẹ́ lára ọmọ ni ewu ń pọ̀ sí i. Ẹ má bẹ̀rù láti béèrè lóròòwúrọ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ó ṣì nílò rọ́bà yìí lónìí?" Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ, ẹ má gbé àpò náà lé orí bẹ́ẹ̀dì, torí ìtọ̀ inú rẹ̀ lè ṣàn padà sínú ọmọ. Ìsàlẹ̀ ni kó máa wà, kó má sì kan ilẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ibà tí a ń dì ru eyín. Ọmọ ọwọ́ ò lè sọ pé ìtọ̀ ń ta òun. Ibà lẹ ó rí, tàbí èébì, tàbí kó kọ ọmú, kó máa sunkún ṣáá. Ọmọ tuntun lè ní jọ́ńdíìsì. Ọmọ tí àìjẹunre-kánú ti jẹ rù lè ní in kí ara rẹ̀ má tilẹ̀ gbóná. Bí wọ́n bá sì rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ìyẹn ò ní kí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́: méjèèjì lè jọ wà lára ọmọ kan náà.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló ń là á, ọ̀nà tí a gbà gba ìtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Ẹ fi omi fọ ojú ara ọmọ, ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, kí ẹ wá fi ìgò tí wọ́n fún yín ní láàbù gba ti àárín. Ẹ má fún un láti inú páńpásì, ẹ má dà á láti inú póò. Fún ọmọ ọwọ́, dókítà lè ti rọ́bà kékeré bọ̀ ọ́, tàbí kó fi abẹ́rẹ́ fa ìtọ̀ láti abẹ́ ìdodo. Ó ń dẹ́rù ba ìyá, àmọ́ kì í pẹ́, ìtọ̀ tó mọ́ jù ló sì ń mú wá. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ti fún ọmọ ní oògùn apakòkòrò láti kẹ́mísì, nítorí ó lè mú kí kòkòrò náà má hàn. Láàbù máa ń gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí kòkòrò tó hù, kí wọ́n tó mọ oògùn tó ń pa á.

Bí wọ́n bá dá yín sílẹ̀ lọ sílé, ẹ fún ọmọ ní oògùn náà títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá. Bí ara rẹ̀ bá tún gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ gbé e padà kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó lọ ra oògùn ibà.