Bí Èèyàn Ṣe Lè Wo Mùsíọ́ọ̀mù Àwọn Darandaran ní Hortobágy Kó sì Yé E

Abúlé kékeré ni Hortobágy, ó wà lórí pápá tó tẹ́ rẹrẹ ní ìlà oòrùn Húngárì, bíi ogójì kìlómítà sí ìlú Debrecen, ọkọ̀ ojú irin sì ń dúró níbẹ̀. Tí èèyàn bá ti rí afárá olókùúta tó ní ihò mẹ́sàn-án, èyí tí wọ́n kọ́ láàárín 1827 sí 1833, ó ti dé nìyẹn. Ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù àti ẹṣin wọn sí láyé ọjọ́un ni wọ́n sọ di mùsíọ́ọ̀mù, ilé oúnjẹ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní csárda sì dojú kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yí ibẹ̀ po kíákíá, wọ́n á rí ẹ̀wù, pàṣán, agogo àti ìkòkò, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Wọn ò rí nǹkan kan jàre. Àwọn ẹrù yẹn ní ètò tó so wọ́n pọ̀, torí kì í ṣe pé àwọn èèyàn yìí kàn ń da ẹran kiri, iṣẹ́ tó ní ọ̀gá, tó ní ipò, tó sì ní ìṣirò ni.

Ipò yẹn, ẹran téèyàn ń dà ló ń sọ ọ́. Csikós tó ń da ẹṣin ló wà lókè pátápátá, wọ́n sì máa ń gbéra ga gan-an, gulyás tó ń da màálù tẹ̀ lé e, juhász tó ń da àgùntàn wá tẹ̀ lé ìyẹn, kondás tó ń da ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Nínú agbo kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá kan wà tí wọ́n ń pè ní számadó, àwọn ọmọọṣẹ́ ẹ̀ ni bojtár. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹran yẹn kì í ṣe tiwọn o, àwọn ará Debrecen ló ni wọ́n, ọwọ́ számadó ni wọ́n fi í sí, òun náà ló máa jíhìn. Tí ẹran bá sọnù tàbí tí olè jí i, òun ló máa san án, tó bá sì jẹ́ pé ó kú ni, àfi kó mú awọ ẹ̀ wá kí wọ́n tó gbà pé ó kú lóòótọ́. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé àmì sí lára, ẹ má fò ó, ìwé àkọsílẹ̀ wọn nìyẹn. Wọ́n á gé iye ẹran sí i, wọ́n á là á sí méjì, olówó ẹran á mú ọ̀kan, darandaran á mú èkejì, tí wọ́n bá pàdé wọ́n á pa méjèèjì pọ̀, kò sẹ́ni tó lè fi àmì kún tiẹ̀ kí àṣírí má tú.

Ní ti aṣọ, suba ni ẹ̀wù awọ àgùntàn tí irun ṣì wà lára ẹ̀. Tí òtútù bá mú, irun á wà nínú, tójò bá ń rọ̀ wọ́n á yí i kí irun wà níta kí omi lè máa ṣàn lọ, tílẹ̀ bá ṣú ẹ̀wù kan náà ni ẹní àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Szűr ni ẹ̀wù kejì, èyí tí wọ́n kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí lára, èjìká ni wọ́n kàn ń gbé e kọ́, wọ́n sì lè dí ẹnu apá ẹ̀ kó di àpò. Èyí tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù ni pé ọkùnrin tó ń wá ìyàwó á fi szűr ẹ̀ sílẹ̀ nílé ọmọbìnrin bíi pé ó gbàgbé ẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́ tó bá a níta, kó yáa máa lọ, wọn ò fẹ́ ẹ.

Ajá náà ní iṣẹ́ tiwọn. Puli tó kéré ló ń kó ẹran jọ, komondor ńlá funfun, èyí tírun ẹ̀ lọ́ bíi dàda, ló ń ṣọ́ wọn lóru.

Ọjọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́, 24 April, ni wọ́n ń kó ẹran jáde sí pápá, 26 October ni wọ́n ń kó wọn padà. Láàárín ìgbà yẹn inú ìkòkò irin kan ni wọ́n ti ń se gbogbo nǹkan. Slambuc ni oúnjẹ wọn tó lókìkí jù, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀dùnkún àti tálíà, wọ́n ní ìgbà 32 ló yẹ kéèyàn yí i lórí iná.

Inú mùsíọ́ọ̀mù nìkan ò tó ṣá. Ìjọba ti sọ pápá náà di ọgbà ìtọ́jú àyíká ní 1973, UNESCO sì fi í sára ogún àgbáyé ní 1999, torí náà ẹran gidi ṣì wà níbẹ̀, màálù aláwọ̀ eérú tí ìwo wọn gùn, àti àgùntàn racka tí ìwo tiẹ̀ lọ́ pọ̀ tó sì nà sókè. Ẹ kọ́kọ́ wo mùsíọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó lọ wo àwọn csikós ní Máta, ibi tí wọ́n ti ń sin ẹṣin nítòsí abúlé náà, torí ẹni tó bá ti mọ̀ pé gàárì wọn ò ní okùn tó so ó mọ́ ikùn ẹṣin á mọ ohun tó ń wò.