Alárinà àwọn aṣíkiri ní Ítálì: kí ni iṣẹ́ wọn, kí sì ni wọ́n ń kọ́ wọn?

Ọmọ Nàìjíríà tó bá ti gbé Ítálì rí yóò ti pàdé àwọn alárinà wọ̀nyí. Wọ́n lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà ní ọsibítù, tàbí létí káńtà níbi tí wọ́n ti ń gba páálí. Èdè Ítálì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n sì tún gbọ́ Pidgin. Mediatore culturale ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹyọ nípa iṣẹ́ yìí la dáhùn sísàlẹ̀ yìí.

Ṣé ìjà ni wọ́n ń parí?

Rárá o, kì í sábà jẹ́ ìjà. Òfin Ítálì lórí ọ̀rọ̀ àjèjì, òfin 286 ti ọdún 1998, sọ ní abala 42 pé kí wọ́n máa gba àwọn àjèjì fúnra wọn síṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ lè máa lọ geere láàárín àwọn ọ́fíìsì ìjọba àti àwọn tó wá láti ilẹ̀ mìíràn. Kì í ṣe Ítálì nìkan: Pọ́túgà náà ṣe òfin tirẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí lọ́dún 2001. Ní Neukölln, nílùú Berlin, láti 2004 ni àwọn ìyá aṣíkiri tí wọ́n fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà dá lẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ sílé àwọn ìyá bíi tiwọn: ìbẹ̀wò mẹ́wàá fún ìdílé kan, pẹ̀lú síkáàfù pupa lọ́rùn. Ti Ítálì la ó dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn èèyàn wa jù.

Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ògbufọ̀?

Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ fi kún ọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Alárinà láṣẹ láti dá ọ̀rọ̀ dúró kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì gbọ́ ara yín yé."

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ń jẹ́ Bọ́lá Adéṣínà. Nọ́ḿbà owó-orí Ítálì, codice fiscale, jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ḿbà 16. Inú orúkọ ni wọ́n ti ń fa lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ yọ, mẹ́ta láti inú orúkọ ìdílé, mẹ́ta láti inú orúkọ tirẹ̀ gan-an. Nítorí náà, DSNBLO ni tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ó dé ọ́fíìsì kan, wọ́n bi í lórúkọ, ó ní "Bọ́lá Adéṣínà." Orúkọ ìdílé ló ṣáájú nínú fọ́ọ̀mù òṣìṣẹ́ náà, ló bá kọ Bọ́lá síbẹ̀. Ó di BLODSN. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn méjì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni káàdì ìlera rẹ̀ kò ní bá ìwé iṣẹ́ rẹ̀ mu mọ́. Ògbufọ̀ yóò túmọ̀ "orúkọ yín ò sí níbí", yóò sì dákẹ́. Alárinà yóò ní kí wọ́n gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n wo lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́, kí obìnrin náà sì mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ tún un ṣe lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́wó-orí, kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní òpùrọ́.

Ta ni wọ́n ń gbà?

Òfin béèrè ìwé ìgbélùú tí kò dín ní ọdún méjì. Ogunléndé tí ìjọba ti gbà ní ti ọdún márùn-ún, kò níṣòro. Ẹni tó ṣì ń retí èsì, tó ń gba ìwé oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ni ọ̀nà dí fún. Lọ́jọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2009, àwọn ìjọba ẹkùn fẹnu kò lórí ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, àmọ́ wákàtí ẹ̀kọ́ kò dọ́gba láti ẹkùn kan sí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ sí ẹkùn mìíràn kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n máa ka ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sí níbẹ̀.

Èèyàn á rò pé ẹni tí gbogbo ọmọ ìlú mọ̀ ló yẹ jù, alága ẹgbẹ́ tàbí pásítọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ní tirẹ̀ àti tọ̀tún-tòsì, ìmọ̀ràn ló sì mọ́ ọn lára láti máa gbà èèyàn. Ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kó dákẹ́ ló ṣòro rí.

Kí ni wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì?

Òfin ló ṣáájú. Alárinà ọsibítù gbọ́dọ̀ mọ abala 35 òfin 286 náà lórí: ẹni tí kò ní páálí lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú pàjáwìrì àti ìtọ́jú tó ṣe kókó, wọ́n á fún un ní nọ́ḿbà STP, ìyẹn nọ́ḿbà ìtọ́jú fún àjèjì tí kò ní páálí, tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà tó sì ṣeé tún gbà, ọsibítù kò sì gbọdọ̀ torí pé kò ní páálí fi í sùn. Ọ̀pọ̀ aláìsàn tó sá sílé ni kò mọ èyí.

Lẹ́yìn náà ló kan ìjókòó. Àga mẹ́ta ni wọ́n ń tò bí igun mẹ́ta, kí dókítà lè máa wo ojú aláìsàn, kó má wo ti alárinà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, alárinà á sọ fún àwọn méjèèjì pé gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lòun máa túmọ̀, àti pé kò ní jáde níbẹ̀. Bí aláìsàn bá ní "inú ń run mí", kó túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má sọ pé "ó ní inú ń run òun." Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan tó. Nọ́ḿbà àti orúkọ oògùn, kó kọ wọ́n sílẹ̀.

Eré ṣíṣe ni wọ́n fi ń dán wọn wò, ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń hàn. Dókítà á bi ìyá ọmọ pé, "Ṣé ẹ ń fún un lóògùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?" Ìyá á ní, "À ń gbìyànjú, dókítà." Alárinà tuntun á túmọ̀ rẹ̀ sí "bẹ́ẹ̀ ni." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni o! Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló ń fún un, ó lè jẹ́ pé oògùn ti tán, ojú wá ń ti ìyá. Ṣe ni kó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bó ṣe wà, kó sì dá a lábàá fún dókítà pé kó béèrè ìgbà mélòó lánàá.

Ṣé ọmọ ẹni tó ti gbọ́ èdè kò lè ṣe é?

Kó má ṣe é. Ìyá ò ní sọ ohun tó ń ṣe abẹ́ rẹ̀ níṣojú ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ náà kò sì ní túmọ̀ ohun tí olùkọ́ bá fi sùn ún.

Kí ló máa ń bàjẹ́?

Ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ló sábà ń bà á jẹ́. Wọ́n á kọ "Nàìjíríà" sórí fọ́ọ̀mù, wọ́n á wá rán ẹni tó gbọ́ Ẹdó sí ẹni tó jẹ́ Yorùbá nìkan ló gbọ́. Nígbà mìíràn, èdè bára mu ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n rán bá a tan. Kí wọ́n béèrè méjèèjì ṣáájú: èdè wo, ṣé ẹ sì fẹ́ ẹni yìí?

Òmíràn ni pé òṣìṣẹ́ á fa alárinà sí kọ̀rọ̀: "Ṣé òótọ́ ló ń sọ?" Òfin 47 ti ọdún 2017 ní kí alárinà wà níbẹ̀ bí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá ọmọ tó dá wá lẹ́nu wò nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Kò sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí. Ìdáhùn tí wọ́n ń kọ́ wọn ni: "Ẹ bi í níwájú mi, màá túmọ̀ rẹ̀."

Àwọn alárinà náà ní tiwọn. Ẹni tó bá ń gba "owó ọtí" kó tó báni rí ọ̀gá ti di oníbodè, kí wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ kíá.

Kí ni ìbúra ojúbọ ṣe kan iṣẹ́ yìí?

Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n kó láti ìpínlẹ̀ Ẹdó lọ ṣe aṣẹ́wó ní Ítálì ni wọ́n ti mú búra pé àwọn á san gbèsè. Agbẹjọ́rò á máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ẹni tí wọn ò dè lẹ́sẹ̀ kò sá lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Benin tú irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká, ó sì fi àwọn tó ń mú wọn búra gégùn-ún. Alárinà gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé èyí fún agbẹjọ́rò láìfi ìgbàgbọ́ obìnrin náà ṣẹ̀sín, kó sì rántí pé ìhàlẹ̀ mọ́ àwọn òbí nílé lè má tíì dáwọ́ dúró. Abala 18 òfin 286 lè fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìgbélùú. Nọ́ḿbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ni 800 290 290. Ẹ kíyè sí i pé alárinà tó jẹ́ ará Ẹdó lè dẹ́rù bà á: ta ló mọ̀ bóyá alárinà náà àti màdáámù tó kó obìnrin náà wá mọra?

Ẹni tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí lójoojúmọ́ nílò onímọ̀ ọpọlọ tí òun náà á máa bá sọ̀rọ̀. Níbi tí kò bá ti sí, àwọn tó mọṣẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ fiṣẹ́ sílẹ̀.

Owó ńkọ́?

Abẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni púpọ̀ wọn wà, wákàtí ni wọ́n sì ń kà fún wọn. Kí èèyàn tó tọwọ́ bọ̀wé, kó béèrè: ṣé wọ́n ń sanwó àkókò tí wọ́n fi wà lójú ọ̀nà? Bí aláìsàn ò bá wá ńkọ́? Ìpè orí fóònù oníṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ni wọ́n ń kà á sí?