Mọ́tò Tó Ń Kọ̀ Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: Bí A Ṣe Ń Dọdẹ Àìsàn Tó Ń Sá fún Mẹ́káníìkì

Ọkọ̀ kan gbéra ní Iléṣà láàárọ̀, ó rin bíi kìlómítà 30, ó dé Ilé-Ifẹ̀ láìsí wàhálà. Awakọ̀ páàkì ní Mayfair, ó ra oògùn, ó padà dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí wùrùwùrù, kò gbaná. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pe mẹ́káníìkì. Kí ìyẹn tó gun ọ̀kadà dé, wákàtí kan ti lọ. Mẹ́káníìkì yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọkọ̀ sítáàtì. Ó ní, "Ọ̀gá, kò mà sóhun tó ṣe é." Lọ́jọ́ kẹta, ó tún kọ̀.

Irú àìsàn yìí máa ń jẹ owó, torí pé wọ́n á ti pààrọ̀ nǹkan mẹ́rin tó dára kí wọ́n tó kan ìkarùn-ún tó bàjẹ́. Mọ́tò tó kú pátápátá sàn jù ú lọ. Ìyẹn á dúró kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó ń kú tó ń jí, ìgbà tó bá kú nìkan ló ṣeé bi léèrè ọ̀rọ̀, awakọ̀ ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀ nígbà yẹn.

Ìró ni kó kọ́kọ́ fetí sí. Ọkọ̀ lè dákẹ́ lọ gbári. Ó lè dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan, tàbí "kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́". Ẹ́ńjìnnì sì lè máa yí láìgbaná. "Kò sítáàtì" ni gbogbo èèyàn máa ń pe gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá.

Bó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, iná kò tó. Kíkì sítátà, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè gbaná, ló ń gba iná jù nínú ọkọ̀; ó lè fa ampere tó lé ní 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí rédíò fi lè máa kọrin, tí dáṣíbọ́ọ̀dù á mọ́lẹ̀ kedere, tí kíkì ò sì ní lè yí. Bátìrì tó yó, tí ọkọ̀ sì ti sinmi, máa ń fi bíi volt 12.6 hàn lórí mítà rẹ́wáyà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá dé ibẹ̀, ọ̀dọ̀ alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, ni kí wọ́n lọ, torí bátìrì tuntun tí wọ́n bá rà á kú bíi ti àtijọ́.

Jọ́ǹpà ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ọkọ̀ kọ̀, wọ́n so jọ́ǹpà, ó sítáàtì, wọ́n dá bátìrì lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó so jọ́ǹpà ti tẹ tẹ́mínà, ìyẹn orí bátìrì níbi tí wáyà so mọ́, ó ti gbọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ pé tẹ́mínà ló dẹ̀, tàbí pé ẹbu funfun tó hù sórí rẹ̀ ló dí iná lọ́nà, ọwọ́ tó gbọ̀n ọ́n yẹn ló wò ó sàn fún ọjọ́ mélòó kan. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ni wọn ì bá kọ́kọ́ ná owó lé. Wáyà áàtì náà wà níbẹ̀, èyí tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Kì í sábà rẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ iná tó bá lọ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà.

Ojú kò lè rí wáyà tó ti jẹra nínú rọ́bà. Mítà lè rí i, àmọ́ àfi tí kíkì bá ń fa iná lọ́wọ́. Wọ́n á fi ẹnu mítà kan kan orí bátìrì, wọ́n á fi ìkejì kan ìdí kíkì níbi tí wáyà ńlá náà dé sí, ẹlòmíràn á wá yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí mítà bá kà kò yẹ kó kọjá ìlàjì volt. Bó bá di volt kan tàbí méjì, iná ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Bákan náà ni wọ́n á ṣe yẹ ọ̀nà áàtì wò.

Bí ọkọ̀ bá dákẹ́ ńkọ́? Kí wọ́n tan iná iwájú, kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣú lọ, ọ̀rọ̀ bátìrì àti tẹ́mínà la ṣì ń sọ. Bó bá mọ́lẹ̀ bó ṣe wà, a jẹ́ pé àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ kíkì: bóyá ojú kọ́kọ́rọ́, fíúsì tàbí rílè ló dá a dúró. Nínú ọkọ̀ ọ̀tọ̀matíìkì, kí wọ́n gbé jíà láti P sí N, kí wọ́n tún yí i. Bó bá sítáàtì, suwíìṣì ìdí jíà ti jẹ́wọ́. Bó bá sì dún "kẹ́" kan ṣoṣo tí iná ò ṣú, inú kíkì fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n wò. Ìdí tí ọmọ iṣẹ́ fi máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ fi igi gbá a nìyẹn: kábọ̀nù tó ń gbé iná wọ inú kíkì, tó ti jẹ tán, á tún fara kan irin fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rí ni gbígbá yẹn jẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ di oògùn, ọ̀nà oko ló máa sùn sí.

Ti Mayfair yàtọ̀ ní tirẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì ń yí. Epo tàbí iná plọ́ọ̀gì ni kò dé. Sẹ́ńsọ̀ kránkì ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Bó bá yadi, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ò ní tú epo sílẹ̀, kò sì ní ṣáná. Wáyà tín-ín-rín ló wà nínú irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀. Bó bá ti gbó, ooru lè jẹ́ kó já lára wọn, kó sì tún padà kanra bó bá tutù. Ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ pé ara ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná sí i fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á, nítorí omi ò yí kiri mọ́, atẹ́gùn ò sì fẹ́ sí i. Ìyẹn ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi ra oògùn.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè mú àmì P0335, tó ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ kránkì, jáde, ó sì lè má rí nǹkan kan. Ohun tó dáa jù ni kí wọ́n wo iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí lójú rẹ̀ bí kíkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá dúró sórí 0 nígbà tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ ìró rẹ̀, ọwọ́ ti tẹ olè. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, kí wọ́n fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú omi tútù bo sẹ́ńsọ̀ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n tún gbìyànjú.

Èyí tó ń kọ̀ láàárọ̀ nìkan, tó ń ṣe dáadáa lọ́sàn-án, epo rẹ̀ lè ti padà sínú táǹkì lóru. Kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ síwájú, kí wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, kí pọ́ǹpù epo lè kùn, kí wọ́n tó ṣáná. Bí èyí bá ràn án lọ́wọ́, ọ̀nà epo ni wàhálà wà. Bí àmì kọ́kọ́rọ́ bá sì ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ ò dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ ni. Kí wọ́n dán ìkejì wò.

Kí awakọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù: aago, ìró, bóyá ẹ́ńjìnnì gbóná, bóyá òjò rọ̀. Mẹ́káníìkì tó bá gbà láti kà á ò ní kọ́kọ́ gbé sípánà. Á ní kí wọ́n wa ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà Iléṣà títí á fi gbóná dáadáa, kí wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n pa á láìṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wá jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú mítà lọ́wọ́.