Ohun tí macro ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Kabba, Mopa tàbí Isanlu, lẹ́tà ẹgbẹ́ ìlú, ìwé ètò ìsìnkú àti òfin ẹgbẹ́ kì í tán nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè máa fi ọwọ́ lé àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà wọ́n á ṣe macro, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á máa ṣe fúnra rẹ̀, sínú Word tí wọ́n fi ń tẹ̀wé: níbikíbi tó bá ti rí “egbe”, kó sọ ọ́ di “ẹgbẹ́”.

Lẹ́tà á wá jáde, orúkọ Egbe, ìlú àwọn Yàgbà, á ti di “Ẹgbẹ́”. Iṣẹ́ tí wọ́n rán macro náà ló jẹ́. Bí a kò bá sọ fún Word pé lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré, á pààrọ̀ méjèèjì. MatchCase = True ni àtúnṣe rẹ̀. Òótọ́ ni pé “Egbe” tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ní tòótọ́, á ṣẹ́ kù láìní àmì, a ó sì fi ọwọ́ tún un ṣe. Ó sàn bẹ́ẹ̀ ju kí orúkọ ìlú bàjẹ́ nínú ìwé tó ń lọ sí ààfin.

Èyí ṣì hàn sójú. Èyí tó burú jù ni àyípadà tí macro ṣe tí kò dá padà, bí ẹni tó yá ọkọ́ tó dá a padà tòun ti amọ̀. Bí macro bá fi Selection.Find wá ọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó tò sí i á wà nínú àpótí Find and Replace lẹ́yìn tó parí. Ká ní ó tan MatchWildcards, tó ń jẹ́ kí àmì bíi “?” dúró fún lẹ́tà mìíràn. Ní ọ̀sán, ẹlòmíràn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà, ó fẹ́ sọ àmì ìbéèrè “?” di àmì ìdánudúró. Lójú Word lásìkò náà, “?” túmọ̀ sí lẹ́tà èyíkéyìí. Ó tẹ Replace All, ìwé di kìkì àmì ìdánudúró. Ta ló máa rántí macro tí wọ́n lò láàárọ̀? Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí macro pa MatchWildcards kó tó parí, kó sì lo ClearFormatting, tó ń pa ìtò ìrísí ọ̀rọ̀ rẹ́, fún Find àti fún Replacement.

Ti Track Changes, tí Word fi ń sàmì sí gbogbo àtúnṣe, náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó ń tún òfin ẹgbẹ́ ṣe fẹ́ rí ohun tí a yọ àti ohun tí a fi kún un. Macro tó pa á tí kò tàn án padà ti fi àtúnṣe tó bá tẹ̀ lé e pamọ́ fún wọn. Kí macro kọ́kọ́ fi ipò tó bá a pamọ́:

tele = ActiveDocument.TrackRevisions

Ní ìparí, kó dá a padà:

ActiveDocument.TrackRevisions = tele

Ká má kàn kọ True síbẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé pípa ló wà tẹ́lẹ̀. Bí macro bá kọsẹ̀ láàárín, kò ní dé ìlà ìkẹyìn yìí. On Error GoTo ni a fi ń darí rẹ̀ síbẹ̀.

Tí cursor, àmì tó ń fi ibi tí a ti ń tẹ̀ ọ̀rọ̀ hàn, bá ń sá kúrò níbi tó wà, Range, tó ń ṣiṣẹ́ lórí apá ìwé láìgbé cursor, ni ká lò dípò Selection. Láti Word 2010, UndoRecord lè kó gbogbo iṣẹ́ macro jọ kí Ctrl+Z kan ṣoṣo dá a padà.

Kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò tún ní wàhálà tirẹ̀. Macro tó wà nínú Normal.dotm, fáìlì àwòṣe tí Word ń lò fún gbogbo ìwé, kan gbogbo ìwé tí a bá ṣí lórí kọ̀ǹpútà náà. Bí ó bá ń jẹ́ AutoOpen, á máa ṣiṣẹ́ nígbàkigbà tí a bá ṣí ìwé. Bí ó bá ń jẹ́ FileSave, òun ló gba ipò Save, ẹni tó kàn fẹ́ tọ́jú ìwé rẹ̀ á sì ti pè é láìmọ̀. Tẹ Alt+F11 láti ṣí ibi tí a ti ń kọ macro, wo orúkọ tó ń jẹ́, kí o sì fún un ní òmíràn.