Bí sextant ṣe kéré títí tó fi wọ àpótí

Odò Asà la ní ní Ìlọrin níbí, òkun jìnnà sí wa, àmọ́ ìtàn sextant, irinṣẹ́ táwọn atukọ̀ òkun fi ń wo bí oòrùn àti ìràwọ̀ ṣe ga tó kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n wà, wù mí láti sọ gan-an, torí bó ṣe tóbi tó ló sọ bí àpótí ẹ̀ ṣe máa rí.

Lọ́dún 1731 ni John Hadley gbé èyí tó ṣáájú ẹ̀, octant, lọ síwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, Thomas Godfrey náà sì ti ṣe irú ẹ̀ ní Philadelphia láàárín àsìkò yẹn. Igi ni, ó sì tóbi, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ìlà dìgírì sí i lára, tó bá kéré ìlà á fún mọ́ra jù, ọwọ́ á yẹ̀. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré nìyẹn o. Dìgírì kan pín sí ọ̀nà 60, ẹyọ kan péré nínú ẹ̀ téèyàn bá ṣì kà, máìlì òkun kan ló fi ṣìnà.

Ní 1757 Kápútéènì John Campbell rí i pé 90 dìgírì tí octant ń wọ̀n ò tó láti fi wọn àlàfo òṣùpá sí ìràwọ̀, wọ́n bá fà á dé 120, ló bá di sextant. Idẹ ni John Bird fi ṣe é, ó wúwo débi pé ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbé e ró.

Jesse Ramsden, tó ń ṣe irú irinṣẹ́ yìí ní London, gan-an ló tú wa sílẹ̀. Ní nǹkan bí 1775 ó ṣe ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn fa ìlà dìgírì, àgbá kẹ̀kẹ́ ẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 45, eyín 2,160 ló wà létí ẹ̀, èèyàn á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bíi máṣíìnì aránṣọ, àgbá á yí díẹ̀, wọ́n á fa ìlà kan, ó tún yí. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san £615 fún un, àmọ́ wọ́n ní kó kọ́ àwọn míì níṣẹ́ náà. Bí ìlà ṣe dáa báyìí, kò sídìí tí sextant fi gbọ́dọ̀ tóbi mọ́.

Àpótí náà yí padà. Igi mahogany ni, ìbátan ọ̀gánwó tí àwọn kápẹ́ńtà wa ń là. Ti àtijọ́ tẹ̀ lé ìrísí sextant fúnra ẹ̀, ó tín-ín-rín lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, nígbà tó yá ló di onígun mẹ́rin. Wọ́n gbẹ́ inú ẹ̀ kí irinṣẹ́ má bàa mì, àyè awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ wà ńbẹ̀, àyè kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n fi ń tún dígí ṣe náà wà, inú ìdérí sì ni wọ́n máa ń lẹ ìwé tó sọ àṣìṣe tó wà lára sextant náà mọ́. Mo fẹ́ràn ìwé yẹn gan-an.

Sextant kékeré tó ń wọ àpò aṣọ náà wà. Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland, mú un dání ní 1795 nígbà tó ń wá Odò Ọya, Bussa ló sì kú sí ní 1806, ilẹ̀ tó wà ní Kwara wa títí di 1991. Èyí táwọn sọ́féyọ̀ wá ń lò lẹ́yìn náà rí roboto, ó fẹ̀ tó ínṣì mẹ́ta, èèyàn á yí ìdérí ẹ̀ kúrò, á tún yí i mọ́ ìsàlẹ̀, ìdérí yẹn náà ló máa dì mú tó bá ń wo nǹkan.