Jẹjẹrẹ ọyàn: ta ló ń sanwó, ta ló ń ṣaájò?

Ìròyìn tó ń lọ lórí WhatsApp ni pé ìjọba ń san ìdá 80 nínú 100 owó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ládùúgbò kò rímú mí mọ́, àwọn èèyàn ń bi wọ́n pé: "Oògùn wa dà?"

Ṣé òótọ́ ni?
Ó ku díẹ̀ káàtó. NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, bá Roche tó ń ṣe oògùn ṣàdéhùn: nínú náírà 100, Roche á gbé 50, NHIA 30, aláìsàn 20. Ṣùgbọ́n oògùn Herceptin lọ̀rọ̀ kàn, irú jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní HER2 ló sì wà fún. Nínú obìnrin márùn-ún tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, bí ẹyọ kan ló ń ní irú ẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ irú tirẹ̀?
Àyẹ̀wò ẹran tí dókítà bá gé lára kókó ọyàn náà ló máa sọ.

Kí wá niṣẹ́ àwọn tó ń pàgọ́ sọ́jà lóṣù kẹwàá, oṣù ìlanilọ́yẹ̀ nípa jẹjẹrẹ ọyàn?
Wọ́n ń yẹ ọyàn wò, wọ́n sì ń darí ẹni tó bá yẹ sọ́sibítù.

Tí owó oògùn bá fúyẹ́, kí ló kù fún ẹbí?
Ó pọ̀. Aláìsàn lè máa lọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ láti Mọ́ńdè sí Fúráìdé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ̀rọ náà kò sì sí ní gbogbo ìlú. Ẹni tó ti Ṣakí wá sí Ìbàdàn, níbo ni yóò sùn? Ta ni yóò mú ọmọ lọ síléèwé, ta ni yóò ṣí ìsọ̀? Ìwọ̀nyí kì í sí nínú bíìlì, àwọn ló sì ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn pa ìtọ́jú tì lágbedeméjì. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti wúlò ju àgọ́ ọjọ́ kan lọ. Ní UCH, ọsibítù ńlá tó wà ní Ìbàdàn, ikọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò dá sílẹ̀ máa ń bá aláìsàn délé, wọ́n ń fún un lóògùn ìrora, wọ́n sì ń gbọ́ tẹnu ẹbí. Ẹ má rò pé ẹni tó ń kú lọ nìkan ni wọ́n ń bẹ̀ wò o.

Ṣé jẹjẹrẹ ń ràn?
Rárá. Ẹ bá aláìsàn jẹun.

Wọ́n ní tí ọ̀bẹ dókítà bá kan jẹjẹrẹ, yóò tàn ká.
Pípẹ́ nílé ló ń jẹ́ kó tàn. Ọ̀pọ̀ ló ti tàn tán kí wọ́n tó dé ọsibítù, wọ́n á wá di ẹ̀bi ru ọ̀bẹ.

Mo rí kókó lọ́yàn mi ńkọ́?
Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ lọ sọ́sibítù lọ́sẹ̀ yìí ṣá.

Ta ló yẹ ká bẹ̀rù?
Ẹni tó ní kí ẹ pa ọsibítù tì nítorí àgbo òun, àti ẹni tó ń fi fọ́tò aláìsàn tọrọ owó sínú àkáǹtì ara rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ṣaájò, ẹ gba nọ́ńbà fáìlì aláìsàn lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, kí ẹ sanwó sínú àkáǹtì ọsibítù, kí ẹ sì gba rìsíìtì.