Ohun tí sáfà ń sọ nígbà tó bá fi nọ́ńbà dáhùn

Ojú ewé yòówù kí èèyàn ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà kan ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Bráúsà, ìyẹn áàpù tí a fi ń ṣí ojú ewé, bíi Chrome, á ní kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ojú ewé náà, fún òun ní nǹkan. Kí sáfà tó kó o sílẹ̀, á kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: 200, 301, 404, 503. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, bráúsà á gbé nọ́ńbà náà mì, a ò ní rí i. Ìgbà tí nǹkan bá dàrú ló máa ń hàn sójútáyé, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé àṣìṣe nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

HTTP ni ìlànà tí bráúsà àti sáfà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Èyí tí Tim Berners-Lee kọ́kọ́ ṣe ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní nǹkan bí ọdún 1991 ò ní nọ́ńbà kankan. Bí nǹkan bá bàjẹ́, sáfà á kọ àlàyé sínú ojú ewé, èèyàn á kà á, yóò yé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò lè mọ̀ bóyá ohun tí òun béèrè ni wọ́n kó fún òun ni àbí àwáwí. Nígbà tí ìlànà HTTP/1.0 fi jáde lọ́dún 1996, nọ́ńbà ti wà nínú rẹ̀. (Àwọn kan ń sọ pé yàrá kan tó ń jẹ́ 404 ní CERN ni wọ́n ti mú 404, nọ́ńbà tó ń sọ pé ohun tí èèyàn béèrè ò sí. Àlọ́ lásán ni.)

Nínú díjíìtì mẹ́ta tó wà nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà níwájú ni kókó. 1 ní, “Mo ń gbọ́, máa bá a lọ.” 2 ní, “Ó ti bọ́ sí i.” 3 ní kí bráúsà gba ibòmíràn lọ. 4 ní ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè ni wàhálà wà, 5 sì ní ọ̀dọ̀ sáfà fúnra rẹ̀ ni. Bráúsà tó bá pàdé nọ́ńbà tí kò rí rí, ká ní 471, iwájú rẹ̀ nìkan ló máa wò, á sì ṣe é bí ẹni pé 400 ni.

Nínú àwọn oní-3, 301 ní ojú ewé ti kó lọ pátápátá, 302 ní ó kàn yà síbòmíràn fúngbà díẹ̀ ni. Kí ẹni tó ni ìkànnì ṣọ́ra fún 301: bráúsà lè fi í sọ́kàn, kó máa darí èèyàn lọ síbi tí 301 náà tọ́ka sí, bí wọ́n tilẹ̀ ti tún un ṣe. Àmọ́ 304 ló ń ṣe wá lóore jù. Bráúsà ti tọ́jú àwòrán kan láti àná, ó wá bi sáfà bóyá ó ti yí padà. Bí kò bá tíì yí padà, 304 ni sáfà máa dá pa dà, kò ní fi àwòrán ránṣẹ́ rárá. Ẹni tó ń ra dátà mọ iyì rẹ̀.

401 ní, “Mi ò tíì mọ̀ ẹ́, sọ ẹni tó o jẹ́.” 403 ní, “Bó o ti wù kó o jẹ́, o ò ní wọlé.” Nígbà mìíràn sáfà á mọ̀ọ́mọ̀ fi 404 bo 403 mọ́lẹ̀, kí àlejò má bàa mọ̀ pé nǹkan náà wà rárá, bẹ́ẹ̀ ni GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí, ń ṣe fún iṣẹ́ tí ẹni tó ni ín bá fi pamọ́. 429 ní ìbéèrè ti pọ̀ jù. 418 ní ìkòkò tíì lòun, òun ò lè po kọfí: ẹ̀fẹ̀ April 1, 1998 ni, síbẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀.

Nínú àwọn oní-5, 504 ló gba àròjinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ní sáfà kan tó dà bí ọlọ́ọ́dẹ ẹnu géètì: ó gba iṣẹ́, ó gbé e wọlé fún sáfà mìíràn tó ń ṣe é gan-an. Bí tinú ilé bá fún un ní èsì tí kò mọ́gbọ́n dání, 502 ló máa sọ. Bó bá dúró títí tí kò gbúròó ẹnikẹ́ni, ó di 504. Ẹ wò ó dáadáa: kò sọ pé iṣẹ́ ò di ṣíṣe. Owó lè ti kúrò nínú àkáǹtì kó tó sú ọlọ́ọ́dẹ. Nítorí náà, ẹni tó ń sanwó tí 504 yọ sí, kó kọ́kọ́ yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò kó tó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kejì.

Nọ́ńbà tó ń parọ́ burú ju gbogbo wọn lọ. Àwọn ìkànnì kan á kọ “ojú ewé yìí ò sí” gàdàgbà, síbẹ̀ 200 ni wọ́n fi ránṣẹ́. Google á wá ṣe wàhálà láti mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Áàpù tí kò lè ka àkọlé náà á ní iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí sáfà sọ gan-an, kó tẹ F12 lórí Chrome nínú kọ̀ǹpútà, kó ṣí Network, kó tún ojú ewé náà ṣí. Gbogbo nọ́ńbà náà á tò síbẹ̀ lábẹ́ Status.